Bíbọ́ lọ́wọ́ ìwà tó ti mọ́ni lára: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí hipinósíìsì ara ẹni

Láti ìgbà tí àwọn èèyàn ti gbọ́ pé mo fi hipinósíìsì ara ẹni jáwọ́ nínú jíjẹ èékánná lẹ́yìn ọdún 18, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí ṣáá. Mo kó wọn jọ síbí, láti orí èyí tó rọrùn dé orí èyí tó díjú.

Kí ni wọ́n ń pè ní hipinósíìsì ara ẹni?

Òun ni pé kí èèyàn jókòó, kó mú ara rẹ̀ rọ̀, kó kó gbogbo ọkàn rẹ̀ jọ sójú kan, kó wá bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ nígbà tí ọkàn náà bá ti parọ́rọ́. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ń sọ̀rọ̀, ẹ̀yin náà lẹ ń gbọ́.

Ẹ ti débẹ̀ rí láìmọ̀. Ẹni tí wọ́n pè lẹ́ẹ̀mẹta tí kò gbọ́ torí ìwé tó ń kà, ẹni tó wọkọ̀ ní Ìbàdàn tó bá ara rẹ̀ l'Ékòó láìrántí bó ṣe kọjá Ṣágámù: ọkàn wọn kó jọ sójú kan ni. Ohun tí à ń kọ́ níhìn-ín ni bí èèyàn ṣe lè mọ̀ọ́mọ̀ débẹ̀, kó sì bá ohun tó fẹ́ sọ dé ibẹ̀.

Ṣé oorun ni?

Rárá, orúkọ ló ń ṣini lọ́nà. James Braid, dókítà oníṣẹ́ abẹ ará Scotland tó ń ṣiṣẹ́ ní Manchester, ló sọ orúkọ yìí di mímọ̀ nínú ìwé tó gbé jáde lọ́dún 1843, inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí oorun ló sì ti fà á yọ. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ rí i pé kò bá a mu. Ó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ mìíràn rọ́pò rẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé èrò kan ṣoṣo ló gba ọkàn, àmọ́ ti àkọ́kọ́ ti mọ́ aráyé lẹ́nu.

Ẹ ó máa gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò. Ẹ ó mọ ibi tí ẹ wà. Bí ọmọ bá ké nínú ilé, ẹ ó dìde lọ gbé e.

Ṣé kò sí oògùn tàbí ẹ̀mí àìrí nínú rẹ̀?

Kò sí. Lọ́dún 1784, ọba Faransé yan ìgbìmọ̀ kan láti yẹ iṣẹ́ dókítà Franz Mesmer wò, iṣẹ́ tí hipinósíìsì ti jáde wá lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní agbára kan bíi ti òòfà ń ṣàn nínú ara èèyàn, tí wọ́n sì lè darí rẹ̀. Benjamin Franklin ará Amẹ́ríkà àti Lavoisier, onímọ̀ kẹ́míkà ará Faransé, wà nínú ìgbìmọ̀ náà. Wọ́n mú ọmọdékùnrin kan, wọ́n dì í lójú, wọ́n ní kó máa dì mọ́ igi kan tẹ̀lé òmíràn nínú ọgbà. Ọ̀kan péré ni wọ́n ní àwọn ti fi agbára náà sí. Ìdí igi tí wọn ò fi nǹkan kan sí ni ọmọ náà ti dákú. Ohun tó ń retí ló gbé e ṣubú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn: ohun tí ọkàn bá retí gidigidi, ara á máa tẹ̀lé e. Àwa náà mọ̀ ọ́n látọjọ́ tó ti pẹ́. Ẹ wo ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń kì ní oríkì láàárọ̀, bí èjìká rẹ̀ ṣe ń rọ̀, bí ẹkún á ṣe dáwọ́ dúró kí wọ́n tó fún un lóúnjẹ. Kò sí òrìṣà tí ẹ máa pè, kò sí ohun tí ẹ máa jẹ tàbí tí ẹ máa fi para. Kristẹni àti Mùsùlùmí tí wọ́n ń ṣe é máa ń gbàdúrà wọn tán kí wọ́n tó jókòó, àdúrà sì dúró ní àyè tirẹ̀.

Ṣé òun kọ́ ni àwọn gbájúẹ̀ fi ń gbowó lọ́wọ́ èèyàn nínú ọkọ̀?

Òun kọ́. Ìkánjú, ìbẹ̀rù àti ojúkòkòrò ni gbájúẹ̀ ń lò, nígbà mìíràn wọ́n á bu oògùn oorun sínú nǹkan mímu. Ẹ̀yin nìkan lẹ wà nínú yàrá nígbà tí ẹ bá ń ṣe tiyín, kò sì sí ẹni tó lè pàṣẹ fún yín.

Irú ìwà wo ló lè bá wa borí?

Ìwà tí ọwọ́ tàbí ẹnu ti ń ṣe fúnra rẹ̀ kí orí tó mọ̀: jíjẹ èékánná, fífa irun orí tu, fífi eyín gé ètè, mímu mínírà ní gbogbo ọ̀sán, títan fóònù wò kí ojú tó là, aṣáà, sìgá. Bí ìwà náà bá ní àsìkò tó máa ń wá àti ibi tó ti máa ń wá, tí ẹ̀yin fúnra yín sì fẹ́ kó lọ, ó yẹ kí ẹ gbìyànjú rẹ̀. Tó bá jẹ́ ìyàwó tàbí ọkọ yín ló fẹ́ kó lọ, tí ẹ̀yin ò tíì fẹ́, ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ya àṣà sọ́tọ̀ kúrò lára bárakú. Bó ti wù kí àṣà ṣòro tó láti fi sílẹ̀, ara kì í ṣàìsàn torí pé ó lọ. Ní ti bárakú, ara fúnra rẹ̀ ló ń béèrè nǹkan náà, bí kò bá sì rí i, á máa gbọ̀n, á máa làágùn. Ọtí àti àwọn oògùn kan wà níbẹ̀. Mo dáhùn tiwọn nísàlẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ibẹ̀ kí ẹ tó dán ohunkóhun wò.

Mo ti búra tó ìgbà mẹ́wàá. Kí ló dé tí n kò lè dúró lórí ìbúra mi?

Nítorí pé ẹni tó ń búra àti ẹni tó ń ṣe ìwà náà kì í pàdé. Orí tó sinmi láàárọ̀ ló búra, ọwọ́ tó ti rẹ̀ lálẹ́ ló ń ṣe é. Ohun mẹ́ta ló wà nínú ìwà tó ti mọ́ni lára: ohun tó ń pè é, ìwà náà fúnra rẹ̀, àti ìtura tó ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Ìwà nìkan ni ìbúra ń bá jà. Ohun tó ń pè é ṣì ń pè, ìtura náà kò sì tíì rí arọ́pò.

Bí a bá tún fipá lé èrò kan jáde, ńṣe ló ń padà wá. Lọ́dún 1987, Daniel Wegner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan pé kí wọ́n má ronú nípa béárì funfun fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí wọ́n sì lu aago nígbàkigbà tó bá yọ sí wọn lọ́kàn. Wọ́n lu aago náà léraléra. Nígbà tí wọ́n wá gbà wọ́n láyè láti ronú nípa rẹ̀, wọ́n rò ó ju àwọn tí wọn ò kọ́kọ́ kìlọ̀ fún lọ. Ẹni tó ń sọ látàárọ̀ pé "mi ò ní fa sìgá, mi ò ní fa sìgá" ti fa páálí kan tán nínú ọkàn rẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n.

Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ẹ má fi nǹkan kan sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ wá ìwé kékeré kan, kí ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀ nígbàkigbà tí ìwà náà bá wáyé: aago mélòó, níbo, ta ló wà lọ́dọ̀ yín, kí lẹ ń ṣe lọ́wọ́. Ẹ kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá dúró di alẹ́, ohun tí ẹ rò pé ó ṣẹlẹ̀ lẹ máa kọ.

Nígbà tèmi, mo rò pé inú bíbí ló ń jẹ́ kí n máa jẹ èékánná. Ìwé kékeré náà já mi nírọ́. Nínú ìgbà 31 tí mo kọ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ náà, ìgbà méjì péré ni inú ń bí mi. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, mo ń dúró de nǹkan ni: kí kọ̀ǹpútà ṣí, kí ẹni tí mo pè gbé fóònù, kí ìrẹsì hó. Mo tún wá rí i pé kí ọwọ́ tó dẹ́nu, ìka ìfábẹ̀là mi á ti kọ́kọ́ fọwọ́ pa etí èékánná àtàǹpàkò òsì, á máa wá ibi tó rí ṣágiṣàgi. Bó bá ti rí i, ó parí. Ibi ṣágiṣàgi yẹn ló ń pe eyín. Mo ra fáìlì tí wọ́n fi ń rá èékánná, mo fi sápò, mo ń rá a láàárọ̀ àti lálẹ́. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọkàn mi sọ ohunkóhun, ìpè náà ti dín kù tó ìdajì.

Báwo ni mo ṣe máa ṣe é gan-an?

Ẹ wá ìṣẹ́jú 10 sí 15 lójúmọ́, ní àkókò kan náà, kí ilé tó jí tàbí lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti sùn. Ẹ jókòó sórí àga tó ní ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, ọwọ́ lórí itan. Ẹ pa fóònù. Ẹ má ṣe é nígbà tí ẹ bá ń wakọ̀ tàbí tí nǹkan wà lórí iná.

Ẹ yan àmì kan lára ògiri tó ga ju ojú yín lọ díẹ̀, ẹ tẹjú mọ́ ọn títí ìpéǹpéjú á fi wúwo, kí ẹ wá pa á dé. Ẹ fa mímí sínú títí ẹ ó fi ka mẹ́rin, ẹ tú u síta títí ẹ ó fi ka mẹ́fà. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Lẹ́yìn náà, ẹ di ìkúùkù le gidi, kí ẹ tú u. Ẹ gbé èjìká sókè, kí ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀. Edmund Jacobson, dókítà ará Amẹ́ríkà, ló kọ́ àwọn èèyàn pé iṣan tí a kọ́kọ́ fún le máa ń rọ̀ ju èyí tí a kàn sọ fún pé kó rọ̀ lọ. Ẹ wá sọ nínú ọkàn pé, "Ọwọ́ mi wúwo. Ọwọ́ mi lọ́ wọ́ọ́rọ́." Ara ọ̀nà tí Johannes Schultz, dókítà ará Jámánì, gbé jáde lọ́dún 1932 lèyí ti wá, kò sì pẹ́ tí ọwọ́ fi máa ń wúwo lóòótọ́.

Nísinsìnyí, ẹ máa sọ̀ kalẹ̀. Tèmi jẹ́ àtẹ̀gùn sìmẹ́ńtì ilé ìyá mi àgbà, àtẹ̀gùn mẹ́wàá, tó máa ń tutù lábẹ́ ẹsẹ̀ kódà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo máa ń kà á láti mẹ́wàá dé ení, mo ń gbẹ́sẹ̀ kan sílẹ̀ bí mo bá ti tú mímí kan síta. Ẹ lo ibi tí ẹsẹ̀ tiyín mọ̀. Àtẹ̀gùn tí ẹ kò gùn rí kò níí ṣe yín láǹfààní.

Bí ẹ bá dé ìsàlẹ̀, ẹ rí ara yín níbi tí ìwà náà ti máa ń pè yín. Ẹ rí ọwọ́ bó ṣe ń gbéra. Ẹ rí i bó ṣe dúró, bó ṣe yí padà ṣe nǹkan mìíràn tí ẹ ti yàn fún un, ẹ sì jẹ́ kí ara mọ ìtura tó tẹ̀lé e. Ẹ tún un rí lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó sọ ọ̀rọ̀ yín. Ẹ ka ení dé àrùn-ún, ẹ la ojú, ẹ na ara, kí ẹ mu omi.

Ọ̀rọ̀ wo ni kí n sọ fún ara mi?

Ọ̀rọ̀ kúkúrú, tó sọ ohun tí ẹ fẹ́, tí kò pe orúkọ ohun tí ẹ ń sá fún. "Mi ò ní jẹ èékánná mọ́" ń fi èékánná síwájú ọkàn ni. Èyí tí mo lò ni: "Bí ọwọ́ mi bá gbéra, mo gbọ́, mo sì dì í. Ọwọ́ mi sinmi." Ẹ lè sọ pé: "Alẹ́ ti lẹ́, fóònù mi ti sùn, èmi náà fẹ́ sùn." Ẹ má pa irọ́ fún ọkàn. Bí ẹ bá ní "mo ti bọ́ pátápátá" lọ́jọ́ kejì, ohùn kan nínú yín á dáhùn pé irọ́ ni, òótọ́ ló sì sọ. "Ó ń rọ̀ mí lọ́rùn sí i" kò ní alátakò.

Émile Coué, àpótèké ará Faransé tó ń gba àwọn èèyàn sílé ní Nancy, ní kí wọ́n máa sọ gbólóhùn kan pé lójoojúmọ́, lọ́nà gbogbo, àwọn ń dára sí i. Ìgbà 20 láàárọ̀, ìgbà 20 lálẹ́, wọ́n á máa fi okùn tó ní kókó 20 kà á bí ẹni ń ja tẹ̀sùbáà. Gbólóhùn rẹ̀ fẹ̀ jù fún mi, mo fẹ́ràn èyí tó dárúkọ ọwọ́ àti àkókò. Àmọ́ okùn olókòó kókó yẹn dáa. Ó ń gbà yín lọ́wọ́ kíkà.

Èdè wo? Èdè tí wọ́n fi rẹ̀ yín lẹ́kún nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé. Bó bá jẹ́ Ìjẹ̀ṣà tàbí Oǹdó ni, ẹ fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ti rí èèyàn tó ń ka gbólóhùn òyìnbó fún oṣù kan láìrí ìyàtọ̀, tó wá fi Èkìtì ìyá rẹ̀ sọ ọ́, tí omi bọ́ lójú rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Bí ó bá ń ṣe mí bíi kí n ṣe é lọ́sàn-án gangan, níwájú èèyàn, ńkọ́?

Ẹ fún ọwọ́ níṣẹ́ mìíràn lójú ẹsẹ̀. Nathan Azrin àti Gregory Nunn ló gbé ọ̀nà yìí jáde lọ́dún 1973 fún àwọn tó ń jẹ èékánná, tó ń fa irun tàbí tí ẹ̀yà ara wọn máa ń mira fúnra rẹ̀: bí ìwà náà bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ ṣe ohun tí kò lè jẹ́ kó ṣeé ṣe, fún ìṣẹ́jú kan sí mẹ́ta. Ẹ di ìkúùkù, ẹ di etí àga mú, ẹ fọwọ́ sápò. Kó jẹ́ ohun tí ẹlòmíràn kò ní kíyè sí. Nínú gbogbo ohun tó wà lójú ìwé yìí, èyí ni mo rọ̀ yín jù pé kí ẹ mú, bí ẹ kò bá tiẹ̀ ní ṣe hipinósíìsì rárá.

Ẹ múra sílẹ̀ fún un ṣáájú. Peter Gollwitzer, onímọ̀ ìwà ẹ̀dá ará Jámánì, fi hàn pé ẹni tó ti so ìpinnu rẹ̀ mọ́ àkókò kan pàtó máa ń mú un ṣẹ ju ẹni tó kàn pinnu lọ: "Bí báyìí bá ṣẹlẹ̀, báyìí ni mo máa ṣe." Bí ọ̀gá bá pariwo, mo máa mu omi. Bí mo bá dé orí bẹ́ẹ̀dì, mo máa gbé fóònù sórí kọ́bọ́ọ̀dù.

Bí kò bá sì sí iṣẹ́ kankan tí ẹ lè fún ọwọ́, ẹ kàn máa wo bó ṣe ń ṣe yín. Alan Marlatt, onímọ̀ ìwà ẹ̀dá tó ṣiṣẹ́ lórí bárakú, fi ìfẹ́ láti ṣe ìwà náà wé ìgbì òkun: ó ń gòkè, ó ń dé góńgó, ó ń wálẹ̀. Ẹ wá ibi tó wà nínú ara. Ṣé àyà ni, àbí ọ̀fun? Ṣé ó ń gbóná? Ẹ má bá a jà, ẹ má tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá fi aago wò ó, ẹnu á yà yín bí kì í ṣe pẹ́ tó.

Ọjọ́ mélòó ló máa gbà? Wọ́n ní ọjọ́ 21.

Ọjọ́ 21 yẹn kò wá láti inú ìwádìí lórí àṣà. Maxwell Maltz, dókítà tó ń tún ojú ṣe ní Amẹ́ríkà, ló kọ ọ́ lọ́dún 1960 pé ó kéré tán, ọjọ́ 21 ló máa ń gba àwọn tí òun tún ojú wọn ṣe kó tó mọ́ wọn lára. Àwọn èèyàn gé "ó kéré tán" kúrò, wọ́n sì mú un lọ.

Nígbà tí Phillippa Lally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University College London ṣe ìwádìí pẹ̀lú èèyàn 96 tí wọ́n ń kọ́ àṣà tuntun, ọjọ́ 66 ni wọ́n rí láàárín, bẹ̀rẹ̀ láti 18 títí dé 254. Wọ́n tún rí i pé fífo ọjọ́ kan kò ba iṣẹ́ jẹ́. Kíkọ́ tuntun nìyẹn o, fífi ti àtijọ́ sílẹ̀ kọ́. Fún èékánná mi, ó tó oṣù mẹ́rin kí n tó gbàgbé pé mo ń ṣọ́ ọ.

Mo máa ń sùn lọ ní gbogbo ìgbà.

Oorun ń jẹ yín ni. Ẹ lọ sùn. Ẹ gbé e sí àárọ̀, ẹ jókòó lórí àga líle, ẹ gbé apá kan sókè láti ìgúnpá. Bí oorun bá gbé yín, ọwọ́ á bọ́ lu itan, ẹ ó sì jí.

Mi ò rí àwòrán kankan bí mo bá pajú dé. Ṣé mi ò lè ṣe é ni?

Ẹ lè ṣe é. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fi ojú inú rí nǹkan, àwọn kan kì í rí i rárá. Ẹ fi etí ṣe é: ẹ gbọ́ ìró ìlẹ̀kùn, ẹ gbọ́ ohùn ara yín. Ẹ fi ọwọ́ ṣe é: bí sìmẹ́ńtì ṣe tutù, bí aṣọ ṣe le. Obìnrin kan tó ń ta aṣọ òkè sọ fún mi pé òórùn aṣọ tuntun ló ń mú òun débẹ̀ kíá ju àwòrán èyíkéyìí lọ.

Mo ti fi sílẹ̀ fún oṣù méjì, mo tún padà sínú rẹ̀. Ṣé asán ni gbogbo iṣẹ́ náà?

Rárá. Ọ̀nà àtijọ́ kì í parẹ́ nínú ọpọlọ, koríko ló ń hù bò ó. Ẹ tún gbé ìwé kékeré yẹn jáde fún ọjọ́ mẹ́ta péré. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ìpè tuntun ni ẹ máa rí, èyí tí ẹ kò fi dánra wò: ìrìn àjò, òkú ilé, ìyípadà iṣẹ́. Tèmi padà lọ́sẹ̀ tí ọmọ mi wà ní ọsibítù, nítorí pé n kò fìgbà kan dúró síwájú yàrá dókítà nínú àtẹ̀gùn mi. Mo fi kún un, ó sì lọ.

Ohun tó léwu ni ìtìjú tó ń sọ pé, "Mo ti bà á jẹ́ náà, ẹ jẹ́ n kúkú ṣe é tẹ́rùn." Ìka kan ni ẹ jẹ. Mẹ́sàn-án ṣì kù.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ fún sìgá?

Ó ràn àwọn kan lọ́wọ́, àmọ́ mi ò ní tàn yín jẹ. Lọ́dún 2019, Cochrane, ẹgbẹ́ tó máa ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ wò, yẹ ìwádìí 14 wò lórí hipinósíìsì àti sìgá. Wọn ò rí ẹ̀rí tó tó láti sọ pé ó ju àwọn ọ̀nà ìrànlọ́wọ́ mìíràn lọ. Bébà nikotíìnì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara, ṣingọ́ọ̀mù rẹ̀ àti oògùn dókítà ní ẹ̀rí tó lágbára jù. Ẹ lò wọ́n, kí ẹ fi bíbá ọkàn sọ̀rọ̀ kún un. Kò sí ìjà láàárín wọn.

Ọ̀rọ̀ Herbert Spiegel, dókítà ọpọlọ ní New York, ṣì wúlò fún ìjókòó yín. Ohun mẹ́ta ló ń kọ́ àwọn tó wá bá a: májèlé ni sìgá jẹ́ fún ara yín, ẹ kò lè wà láàyè láìsí ara yín, ẹ jẹ ara yín ní gbèsè ìtọ́jú. Ó dùn mọ́ mi pé ara ni ó ní kí wọ́n máa ṣìkẹ́, kò ní kí wọ́n máa bá sìgá jà.

Ọmọ mi ń fa ìka. Ṣé mo lè ṣe é fún un?

Bí kò bá tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin, ẹ fi í sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń fi í sílẹ̀ fúnra wọn láàárín ọdún méjì sí mẹ́rin. Bí eyín àgbà bá ti fẹ́ máa yọ tó ṣì ń fà á, ẹ jẹ́ kí dókítà eyín wò ó. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ata sí i lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ ni ọwọ́ yẹn máa padà nù.

Ọmọ máa ń wọnú irú ìdákẹ́jẹ́ yìí kíákíá ju àgbà lọ. Ẹ fi ìtàn ṣe é lálẹ́: ìjàpá kan tó ń fi ìka rẹ̀ sùn sínú ilé rẹ̀, tó ń kí i pé ó dàárọ̀. Ẹ jẹ́ kí òun náà sọ ọ́. Títọ̀ sórí ibùsùn kì í ṣe ìwà o, ara tí kò tíì gbó ni, nígbà mìíràn àìsàn ni. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, ẹ má nà án.

Ọtí, kodéènì, tramadol tàbí oògùn oorun ńkọ́?

Ẹ má dá a ṣe nílé. Ẹni tó ti ń mu ọtí púpọ̀ lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́, tó wá dá a dúró lójijì, lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kí gìrì gbé e, kó máa rí ohun tí kò sí, láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ó ń pa èèyàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn oorun bíi diazepam tí wọ́n ti ń lò fún oṣù púpọ̀: díẹ̀díẹ̀ ni dókítà ń dín in kù. Ìdákẹ́jẹ́ ọkàn kò lè dá gìrì dúró.

Lọ́dún 2018, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fòfin de ṣíṣe oògùn ikọ́ olómi tó ní kodéènì àti kíkó o wọ̀lú, àmọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé ṣì ń gbé pẹ̀lú ohun tó ti ṣe. Ilé ìwòsàn ọpọlọ wà ní Aro l'Abẹ́òkúta àti ní Yábàá l'Ékòó, tó ń tọ́jú ẹni tí oògùn ti di bárakú fún. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Lẹ́yìn tí ara bá ti mọ́ ni ohun tí mo kọ síbí lè wúlò, láti má ṣe padà.

Ta ni kò yẹ kó ṣe é láìrí dókítà?

Ẹni tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn ò gbọ́ tàbí tí orí rẹ̀ ti dàrú rí, ẹni tó ní wárápá, àti ẹni tí ohun burúkú kan ti ṣẹlẹ̀ sí tí ó máa ń padà wá bá a bó bá ti pajú dé. Bí àyà bá ń já yín tàbí tí ẹ̀rù ń bà yín nígbà tí ẹ wà nínú rẹ̀, ẹ la ojú, ẹ tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ dárúkọ ohun márùn-ún tí ẹ rí nínú yàrá. Ó tán nìyẹn. Ẹ má tún gbìyànjú rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ẹnì kan ní ìjókòó kan ṣoṣo lòun fi máa parí rẹ̀, ó sì gbówó lé e. Ṣé kí n lọ?

Ẹ bi í léèrè iṣẹ́ tó kọ́ kó tó dé ìdí èyí. Dókítà, nọ́ọ̀sì tàbí onímọ̀ ìwà ẹ̀dá tó kọ́ hipinósíìsì mọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ wá. Ẹni tó bá ṣèlérí pé kò lè kùnà, tó ní kí ẹ má lo oògùn dókítà mọ́, tàbí tí kò fẹ́ kí ẹ mú ẹnì kan wá sínú yàrá, ẹ má fowó yín fún un.

Ṣé ó lè jẹ́ kí n rántí ibi tí ìwà náà ti bẹ̀rẹ̀ nígbà èwe mi?

Ẹ má lò ó fún ìyẹn. Ọkàn tó ti rọ̀ báyìí ń gba àbá gan-an, ó sì lè hun ìtàn tí kò ṣẹlẹ̀ rí, tí ẹ ó sì máa fi gbogbo ẹnu jẹ́rìí sí i. Nílẹ̀ wa, mo mọ ibi tí irú "ìrántí" bẹ́ẹ̀ máa ń lọ: sọ́dọ̀ ìyá àgbà kan tàbí ìyàwó bàbá, tí wọ́n á wá sọ di àjẹ́. Ìdílé ti tú ká lórí ohun tí kò wáyé. Ìwé kékeré tí ẹ ń kọ lọ́sẹ̀ yìí á sọ ohun tó ń pe ìwà náà lónìí fún yín, òun náà ni ẹ lè ṣe nǹkan sí.

Mo fẹ́ fi sílẹ̀, àmọ́ ó dà bíi pé ohun kan nínú mi kò fẹ́.

Ẹ gbọ́ tirẹ̀. Ìwà náà ń fún yín ní nǹkan kan, bí ẹ kò bá sì wá ibòmíràn tí nǹkan náà á ti máa wá, á padà tàbí kó rán àbúrò rẹ̀ wá. Nígbà tí ẹ bá dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, kí ẹ tó sọ ọ̀rọ̀ kankan, ẹ béèrè pé, "Kí lò ń ṣe fún mi?" Ẹ dákẹ́. Ẹ má kánjú dáhùn. Nígbà mìíràn ọjọ́ mẹ́rin á kọjá kí ìdáhùn tó dé, ó sì lè jẹ́ inú ilé ìwẹ̀ ló máa dé bá yín.

Bàbá kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, sìgá kò dín. Ó béèrè. Ohun tó wá sí i lọ́kàn ni pé ìṣẹ́jú méje tí òun fi ń dúró sẹ́yìn ilé iṣẹ́ láti fa sìgá nìkan ni ìṣẹ́jú tí ẹnikẹ́ni kì í pe òun látàárọ̀ títí di alẹ́. Ó ṣì ń jáde síbẹ̀ ní aago mọ́kànlá. Ẹ̀pà ló ń mú dání, ó ń bó o níkọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sì mọ̀ pé wọn kò gbọdọ̀ pè é títí á fi gbọn èèpo ẹ̀pà dà nù.